Ọdún Ti Lọ, Ẹran Ṣì Kù Nílẹ̀: Ẹ Má Dà Á Nù!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ìyá ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn télọ̀, àwọn onídìrí, àwọn ìyàwó káfíńtà àti ti mẹkáníìkì, àti gbogbo ẹni tó ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun, sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni. Ẹran Iléyá tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ tán ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé kaná, tí a ń sọ̀ kalẹ̀, tí a tún ń gbé kaná, títí yóò fi kan, tí a ó sì wá jí i gbé lọ sí ààtàn lóru kí ará ilé má baà rí wa.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀kà ni ilé ọkọ mi, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ Àkókó mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan ìyanu lọ́dọ̀ wa. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò á máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á sì jọ jẹun nínú àwo kan náà. Oúnjẹ ni mo ń tà jẹ, nítorí náà ọwọ́ mi kì í kúrò lára ìkòkò. Kérésìmesì ń gba ọwọ́ mi kọjá, Iléyá náà ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àgbò kì í ṣe ẹran kékeré mọ́ láyé ìsinsìnyí. Mélòó nínú àwọn ọkọ wa ló ń fi owó tó wà lọ́wọ́ ra àgbò? Ẹlòmíràn á ti máa dá àjọ láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí. Ẹlòmíràn á yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ títí ọdún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Wàyí o, ẹran tí a kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán, ṣé ó yẹ kó ti bàjẹ́ kí a tó san ti oṣù àkọ́kọ́? Ẹran tó yẹ kó gba owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, ajá ti ń fà á ya lórí ààtàn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ilé kan náà á tún wà lọ́dọ̀ alápatà, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní eegun díẹ̀ kún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ọ̀kà, aṣọ ló ń tà. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, òun náà ló sì gbà kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè kọ́gbọ́n. Ní Iléyá ọdún 2024, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, wọ́n pa àgbò kan tó sanra dáadáa nílé rẹ̀. Ó gbé èyí tó pọ̀ jù sínú firísà ní tútù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò òun tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ẹran ti tán. Ó di ọjọ́ kẹta, iná mànàmáná lọ, kò sì dé. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, owó epo kò jẹ́ kí wọ́n lè tàn án lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí firísà ní ọjọ́ kẹfà, òórùn ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ sì mọ àwa obìnrin, a kì í fẹ́ gbà pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ṣa èyí tó rò pé ó ṣì dára, ó fi ọṣẹ́ ata bò ó, ó sè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ méjì ti ń bì, wọ́n sì ń ṣu omi. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni wọ́n fi gbé wọn ró títí wọ́n fi dé ọsibítù. Ọlọ́run yọ wọ́n, àwọn ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ, ó ní kò kúrò létí òun títí di òní. Màmá yẹn kò pariwo. Ó kàn ní, “Ìyàwó mi, ẹran tí o fi du àbúrò mi, ààtàn lo fi ṣe lálejò.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo iye nǹkan tó bàjẹ́ nínú ẹran kan ṣoṣo: owó, ara ọmọ, àti àárín ìyàwó sí ìyá ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbáyọ kò le. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a ti ń tọ́jú ẹran ọjọ́ keje. Ẹran ni ká sì tọ́jú, kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ohun àkọ́kọ́ ni pípín. Àwọn aáfà wa máa ń kọ́ wa pé kí a pín ẹran Iléyá sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún ará ilé, ìdá kan fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ìdá kan fún aláìní. Àwọn kan máa ń bi mí pé, ṣé ẹ̀sìn gbà kéèyàn tọ́jú èyí tó kù? Ó gbà á o. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdíìtì pé nígbà kan, Ànábì kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹran náà pamọ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, nítorí pé àwọn aláìní wọ ìlú wá lọ́dún yẹn. Nígbà tí ìnira yẹn kọjá, ó ní kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n máa fi ṣàánú, kí wọ́n sì máa tọ́jú. Ẹ rí i pé ìtọ́jú kò burú, ahun ló burú. Ẹni tó bá ti pín tirẹ̀ kúrò nílẹ̀, èyí tó máa tọ́jú náà á ti dín kù, iṣẹ́ rẹ̀ á sì rọrùn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin olóúnjẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ o. Ẹran Iléyá kì í ṣe ẹran títà. Àwọn aáfà kọ̀ ọ́, wọn kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n fi ara ẹran náà san owó iṣẹ́ fún ẹni tó dúńbú rẹ̀. Wọ́n lè fún un ní tirẹ̀ bíi saárà, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún, àwọn oníbàárà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìyá, àbí ẹran Iléyá lẹ bù fún wa yìí?” Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ti Iléyá wà nílé, ọ̀fẹ́ ni, ti ìsọ̀ rèé, owó ni. Ìkòkò méjèèjì kò mọ ara wọn rí.

Ó tún kan ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé iná ló ń pa gbogbo nǹkan, pé tí ọbẹ̀ bá ti hó dáadáa, àbùṣe bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Iná ń pa kòkòrò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n máa ń tu oró sínú oúnjẹ kí iná tó dé bá wọn. Kòkòrò á kú, oró á kù. Ọbẹ̀ á máa hó kùtùkùtù, oró yẹn á wà níbẹ̀ tó ń wò yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléto ìlera fi ń sọ pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ìkòkò ńlá ló sì burú jù. Òkè rẹ̀ á tutù, àárín rẹ̀ á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di òru, irú lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni kòkòrò fẹ́. Ẹni tó bá ní fíríìjì tí iná sì wà, kó bu ọbẹ̀ sínú àwo kéékèèké kó lè tètè tutù. Ẹni tí kò bá ní, kó má tọ́jú ọbẹ̀ rárá. Kó tọ́jú ẹran gbígbẹ, kó máa se ọbẹ̀ tuntun níwọ̀n èyí tí wọ́n máa jẹ tán lẹ́ẹ̀kan.

Omi ni ọ̀tá ẹran. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa ń dá láyé àtijọ́, kí omi kúrò lára ẹran náà ni: iyọ̀, òróró gbígbóná, oòrùn, èéfín. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Iléyá, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ro tán lára ẹran, a ó ya eléegun sọ́tọ̀, a ó ya èyí tí kò léegun sọ́tọ̀. Èyí tí kò léegun, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kó má nípọn. Ẹ fi iyọ̀, ata, ata ilẹ̀, aáyù àti àlùbọ́sà sí i. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi díẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ á ṣomi. Ẹ bu omi ẹran sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí ìyókù fà mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dín ín. Ẹ má kó o kún agbada, díẹ̀díẹ̀ ni. Etí ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ. Níwọ̀n ìgbà tí òróró bá ṣì ń pariwo ṣàà, omi ṣì wà lára ẹran nìyẹn. Tí ariwo bá ti rọlẹ̀, ó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé ìdérí ike rẹ̀. Ẹni tó bá dé e ní gbígbóná, oruku á di omi lábẹ́ ìdérí, kò ní í pẹ́ tí ẹran á fi bu.

Ní ti sísá, ẹ wo ojú ọjọ́. Oṣù ojú ọ̀run ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ka ọdún, nítorí náà Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí. Lọ́dún 2007, inú oṣù Kejìlá ló bọ́ sí, kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Kérésìmesì fi dé. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ọyẹ́ ń fẹ́ lórí àwọn òkè wa, ẹran tí a sá lórí páànù gbẹ kankan bí igi. Ní 2025, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ni, òjò ló sì kù. Ta ló fẹ́ sá ẹran sínú òjò? Èéfín ló kù. Ẹ tẹ́ wáyà sórí ààrò, ẹ fi èédú tàbí igi tí iná rẹ̀ kò le sábẹ́ rẹ̀, ẹ máa yí ẹran náà padà títí tí á fi le. Ẹ gbé e sínú agbọ̀n lókè ààrò, kí èéfín máa kàn án lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ yín títí di àṣálẹ́ ọjọ́ ọdún, mo mọ̀ pé ẹ máa ní kò sí àyè. Ẹ pa ara yín pọ̀ ní ìdílé mẹ́ta, ẹ da iná kan ṣoṣo, kí ọ̀kan máa ṣọ́ ọ, kí àwọn yòókù sinmi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sísè. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹran ọdún sú ará ilé ni pé ọbẹ̀ ata kan náà ni láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ karùn-ún. Ẹ yí orúkọ ìkòkò padà!

Inú ẹran ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ: ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ìfun, fùkù. Ẹ fi wọ́n se ọbẹ̀ ọjọ́ ọdún gan-an. Orí àti ẹsẹ̀, ẹ fi iná jó irun rẹ̀, ẹ fá a, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi se ọbẹ̀ olómi aláta fún àwọn bàbá tó bá wá kí yín. Omi ẹran tí ẹ bù sọ́tọ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ fi se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́jọ́ yẹn kan náà, tàbí àsáró. Tí Iléyá bá bọ́ sí oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà báyìí, iṣu àtijọ́ ti ń tán lọ́jà Ìkàrẹ́, iṣu tuntun kò sì tíì jáde. Iṣu díẹ̀ tó bá wà, tí kò tó gún, omi ẹran á sọ ọ́ di àsáró tí gbogbo ilé á jẹ yó.

Eegun, ọjọ́ kejì ni tirẹ̀. Ẹ fi se ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí eegun hó pẹ́ nínú omi kí ẹ tó da ẹ̀wà sí i, ẹ ó rí i pé ẹ kò ní í wá edé. Ẹni tó bá fẹ́ràn gbẹ̀gìrì, omi eegun yẹn ni kó fi lò ó, kó wá fi àmàlà tì í. Ọ̀rá ẹran, ẹ yọ́ ọ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ fi díẹ̀ sínú ata tí ẹ bá ń dín, adùn rẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ẹ má bu ọ̀rá fún wọn o, ẹ sì rẹ iyọ̀ ẹran tiwọn kúrò kí ẹ tó sè é.

Láti ọjọ́ kẹta lọ, ẹran díndín ló kàn. Ẹ fi ro ẹ̀fọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú mọ́ín-mọ́ín dípò ẹyin tó ti di ọ̀wọ́n. Ẹ gé e sínú ẹyin díndín fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Ẹran kan ṣoṣo tó bá tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, tí a bá gé e wẹ́wẹ́, ẹnu mẹ́rin ló máa kàn. Tí a bá gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló máa jẹ ẹ́, àwọn mẹ́ta yòókù á sì máa wò ó.

Àwọn ará Hausa tó ń bá wa gbé ní Ìkàrẹ́ tún mọ ohun kan ṣe tí wọ́n ń pè ní dàńbú. Wọ́n á se ẹran títí tí á fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gún un nínú odó títí tí á fi di fọ́nrán-fọ́nrán bí òwú, wọ́n á po ata àti èròjà mọ́ ọn, wọ́n á wá fi òróró díẹ̀ yan án lórí iná títí tí á fi gbẹ. Ẹ bu ṣíbí kan lé ìrẹsì funfun, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ fi mu gaàrí, ẹ ó bá mi dúpẹ́.

Èyí tí a fi èéfín yan, òun ni mo máa ń fi sílẹ̀ dé ìkẹyìn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fọ iyanrìn àti eérú kúrò, ẹ sè é títí tí á fi rọ̀, kí ẹ tó da ẹ̀gúsí tàbí àpọ̀n lé e. Iyán gbígbóná ló yẹ ẹ́. Ní Ọ̀kà, ọkọ mi kì í béèrè ẹja lọ́jọ́ tí mo bá se irú ọbẹ̀ yìí.

Ẹ má rò pé àwa nìkan la ń bá ẹran ọdún jìjàkadì. Àwọn òyìnbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, tí Kérésìmesì bá dé, itan ẹlẹ́dẹ̀ odindi ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé sórí tábìlì. Wọ́n á ti fi iyọ̀ pa á, àwọn mìíràn á tún fi èéfín yan án. Ham ni wọ́n ń pè é. Ilé kan kì í sábà jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ sáàárín búrẹ́dì. Tó bá yá, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹyin. Eegun rẹ̀ ni wọ́n á fi se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà tiwọn. Ẹ ò rí i? Iyọ̀, èéfín, eegun àti ẹ̀wà. Ọgbọ́n kan náà ni, òkun ló wà láàárín.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yìí gba ọgbọ́n lọ́dọ̀ wa o. Tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkàrẹ́ bá pa ẹlẹ́dẹ̀ ní Kérésìmesì, èmi náà máa ń bá wọn sè é. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí mo fi se ẹlẹ́dẹ̀ nílé bàbá mi kì í bá mi wọ mọ́tò gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà. Ìrẹsì àti adìyẹ ni mo ń gbé lọ fún ẹbí ọkọ mi. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, tí ẹ bá fẹ́ fi oúnjẹ Kérésìmesì ta aládùúgbò Mùsùlùmí lọ́rẹ, ẹ sọ irú ẹran tó wà nínú rẹ̀ fún un láì dúró kó béèrè. Oúnjẹ tí kò ní ẹ̀tàn nínú ló ń so aládùúgbò pọ̀.

Nílé tèmi, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a bá pín, ẹran Iléyá máa ń bá wa dé ọ̀sẹ̀ kẹta. Owó tí ǹ bá fi ra ẹran láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, àjọ ni mo ń dá a sí, tó bá di oṣù Kẹsàn-án tí ilé ìwé bá wọlé, mo mọ ibi tí mo ti máa yọ owó ìwé. Kì í ṣe pé àgbò wa tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. A kò kàn jẹ́ kó bàjẹ́ ni.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn tí ẹ ń gbà tọ́jú ẹran ọdún lágbègbè tiyín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Olóòtú kí àwa náà lè kọ́ ọ. Ọdún á yabo, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Olóúnjẹ,
Ìkàrẹ́-Àkókó.